Ọsàn Tí Mò Ń Tọ́jú De Ọmọ-Ọmọ Mi

Ọmọ-ọmọ mi kan ṣoṣo wà ní Sípéènì. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì tí ìyá rẹ̀, ọmọ bíbí inú mi, fi gbé e kúrò ní Ore. Yorùbá díẹ̀ tó gbé lọ, ó ti jẹ ẹ́ mọ́ búrẹ́dì wọn. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé ni àwa méjèèjì tó rí èdè bá ara wa sọ. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà, ní ọ̀sán Sátidé, ó máa ń fi fídíò pè mí lórí fóònù kí n bá a wo iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ tó kàn ni ‘ripe’. Mo ní èso tó bá ti tó jẹ là ń pè bẹ́ẹ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, mángòrò tó pọ́n. Mo ní kó má fi pe ènìyàn o, nítorí ó ti sọ fún mi pé ní èdè tiwọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe àgbàlagbà. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tó ń rò, aláìlójútì ọmọ.

Mo gbé fóònù lọ sẹ́yìnkùlé kí n lè fi àpẹẹrẹ hàn án. Igi ọsàn kan wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ náà, ibẹ̀ ni mo sin ibi rẹ̀ sí, tí mo gbin ọsàn náà lé e lórí. Ọdún yìí ló kọ́kọ́ so. Àwọn tó ń ta ọsàn fún èrò ọkọ̀ lẹ́bàá títì bẹ̀ mí títí, mo lé wọn. Mo ní ẹni tó ni ín ń bọ̀.

“Màmá, kò tíì pọ́n,” ló wí. “Ó ṣì ní àwọ̀ ewé.”

“Ọsàn tiwa kì í dúró de àwọ̀. Bó ṣe ń pọ́n nìyẹn.”

Kò gbà. Pupa fòò ni ọsàn tó mọ̀, ó ní ó kún ẹ̀gbẹ́ títì wọn. Inú fẹ́ bí mi. Ṣé ọmọ àná ni yóò wá kọ́ mi ní ọsàn ẹ̀yìnkùlé mi? Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi hàn án? Adùn kì í gba inú fóònù kọjá.

“Ẹ mu ún,” ló wí, “kí n wo ojú yín.” Gẹ̀ẹ́sì ò mọ ‘ẹ’ yàtọ̀ sí ‘o’, àmọ́ ‘ẹ’ ni mo gbọ́.

Ó pẹ́ kí n tó já ọ̀kan. Mo bó o, mo gé orí rẹ̀, mo mu ún. Omi rẹ̀ ṣàn dé ìgúnpá mi. Ó dùn débi pé inú bí mi.

“Ṣé ó pọ́n?”

Orí ni mo fi dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Ó kọ gbólóhùn rẹ̀ sínú ìwé, ó sì kà á sí mi létí: “Ọsàn mi ti pọ́n, ìyá àgbà mi ló mu ún.”

Mo wá àṣìṣe níbẹ̀ títí, n kò rí ọ̀kan ṣoṣo.