Iṣẹ́ Ìgbì Wíwò ní Ìyànà Iyesi

N kò fẹsẹ̀ kan omi òkun rí láyé mi. Omi tó pọ̀ jù tí mo tíì wọ̀ ni èyí tó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà wa ní Ìyànà Iyesi tí òjò bá ti rọ̀. Síbẹ̀, èmi yìí ni mo ń sọ fún àwọn òyìnbó kan ní erékùṣù olóòrùn kan lọ́hùn-ún bóyá kí wọ́n wọ òkun lónìí tàbí kí wọ́n jókòó sílé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ni.

Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Àgbárá ni mo wà tẹ́lẹ̀. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ á ti gbé mi kí àkùkọ tó kọ, ṣíífìtì á sì lò mí títí ẹsẹ̀ mi á fi wú. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan tó wà lókè òkun sọ pé ọ̀gá kan ń wá ẹni tí yóò máa wo ìgbì òkun nínú kámẹ́rà tí wọ́n gbé sétí omi, tí yóò sì máa kọ bó ṣe rí sórí ìkànnì wọn, mo ní ṣé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá náà kọ́ mi lórí fóònù: òkúta wà lábẹ́ omi níbẹ̀, tí ìgbì bá dé orí òkúta yẹn, á dìde, á sì fọ́. Atẹ́gùn tó bá ń ti orí ilẹ̀ fẹ́ á mú kó dúró ṣánṣán, á dára fún àwọn òyìnbó tó máa ń dúró lórí pátákó pẹlẹbẹ gun ìgbì ṣeré. Èyí tó bá ń ti òkun bọ̀ á da gbogbo ẹ̀ rú. Ara èèyàn la fi ń wọn gíga ẹ̀: orúnkún, ìbàdí, orí. Ó ní òun á fi oṣù kan dán mi wò. Bí ìgbì ṣe rí nìkan ni kí n kọ, kí n má kọ ìranù, torí ìranù ni wọ́n fi lé ẹni tó ṣe é ṣáájú mi. Mo gbà. Èmi àti Àgbárá, ó tán!

Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni màámi.

Yàrá kan náà la jọ ń gbé. Tí wọ́n bá kírun àsùbáà tán, wọ́n á mú tẹ̀sùbáà wọn, wọ́n á jókòó tì mí. Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń kùn ṣáá: "Omi lo jókòó tì láti àárọ̀? Omi!" Wọ́n tilẹ̀ bẹ obìnrin aránṣọ tó wà ní yàrá kejì pé kó fi mí sínú àdúrà. Nígbà tó yá, àwọn gan-an ló ń jí mi pé ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa. Àwọn èèyàn wa! Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni bàbá arúgbó kan, irun ẹ̀ funfun báláú, ikùn ẹ̀ yọ síwájú, ṣòkòtò péńpé yẹ́lò kan ṣoṣo ló ń wọ̀ lójoojúmọ́. Ojoojúmọ́ náà ló ń ṣubú. Á dìde lórí pátákó, á ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, á já sómi, màámi á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá." Wọ́n á wá kọjú sí mi: "Ṣé bàbá yìí ò lọ́mọ ni? Kò sẹ́ni tó lè ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́?"

Ó ku díẹ̀ kí oṣù ìdánwò mi pé ni ìgbì ńlá kan dé. Ó ga ju èèyàn méjì tó gun ara wọn léjìká lọ. Atẹ́gùn ń ti ilẹ̀ fẹ́ jẹ́jẹ́. Bí ọ̀gá ṣe kọ́ mi ni mo ṣe kọ ọ́: ó ga, ó dúró dáadáa, ó dára gan-an fún àwọn tó mọ̀ ọ́n gùn. Inú mi dùn sí ara mi. Màámi ní kí n ka ohun tí mo kọ fún àwọn. Mo kà á.

"Ó dára fún ta ni?"

"Fún àwọn tó mọ̀ ọ́n gùn, màámi."

"Ta ló máa sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n gùn?"

Ẹ wò ó, ara mi ti ń gbóná. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi. Ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni bàbá oníṣòkòtò yẹ́lò yọ létí òkun, pátákó lábẹ́ abíyá, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Yéè! Pè wọ́n!"

"Màámi, mi ò ní nọ́ńbà wọn."

"Kí wá niṣẹ́ ẹ? O ò lè pe ẹnì kankan, o wá ń sọ fún wọn pé ó dára!" Wọ́n dìde, wọ́n ń fọwọ́ gbá ojú kọ̀ǹpútà mi: "Bàbá! Ẹ padà o! Ẹ padà, ẹ jọ̀ọ́!" Aránṣọ sáré wọlé, ó rò pé olè ló dé. Nígbà tó rí ìgbì yẹn, òun náà káwọ́ lérí.

Èmi náà wò ó. Ṣé màá jókòó síbí kí omi gbé bàbá yìí lọ níṣojú mi ni? Mo rántí bọ́ọ̀sì Àgbárá. Mo rántí ẹsẹ̀ mi tó ń wú. Mo bú ara mi, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ ìròyìn mi lédè òyìnbó, bí màámi ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́: Bàbá tó wọ ṣòkòtò yẹ́lò, màámi ní kí ẹ padà sílé. Omi òní kì í ṣe ẹgbẹ́ yín. Ẹ bá wa kí àwọn ọmọ yín.

Obìnrin kan tó jókòó sórí iyanrìn, tó ń tẹ fóònù, ṣàdédé dìde, ó sáré tẹ̀lé bàbá. Bàbá gba fóònù náà, ó nà án síwájú kó tó lè kà á. Ó wo ìgbì. Ó gbójú sókè wo kámẹ́rà. Ó ju pátákó sílẹ̀, ó sì juwọ́ sí wa. Màámi kúnlẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà: "Ẹ ṣé o, bàbá. Ẹ̀mí yín á gùn." Aránṣọ náà kúnlẹ̀. Èmi nìkan ni mo jókòó, tí mò ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa lé mi.

Fóònù dún. Ọ̀gá ni.

"Ta ló ní kí o kọ ọ́?"

"Màámi ni, sà."

Ó ní, "Bàbá mi nìyẹn."

Ó ní láti ọjọ́ tó ti pẹ́ lòun ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi òkun sílẹ̀, bàbá ní ọmọ tóun kọ́ ní odò wíwẹ̀ ò lè máa sọ ọ̀rọ̀ omi fóun. Ó ní ìdí tóun fi ń wá ẹni tí yóò máa wo kámẹ́rà nìyẹn: òun ò lè máa wo bí bàbá ṣe ń ṣubú mọ́.

Màámi ní kí ló ń wí. Mo túmọ̀ ẹ̀. Kí n tó parí, wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ìwọ lọmọ wọn? O wà láyé, o wà láàyè, o wá ń háyà ẹni tó máa bá ẹ wo bàbá ẹ? Ojú ò tì ẹ́!" Ọ̀gá tí kò gbọ́ ẹyọ kan nínú ẹ̀ ń dáhùn, "Yẹ́ẹ̀sì, mà. Yẹ́ẹ̀sì, mà."

Nígbà tí mo gba fóònù padà, mo bi í bóyá kí n máa padà lọ sí Àgbárá. Ó ní bàbá ti búra pé tí wọ́n bá lé mi, òun á wọ òkun lójú ẹsẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìgbì ti wálẹ̀ sí ìbàdí. Mo kọ gíga ẹ̀, mo kọ atẹ́gùn. Bàbá dúró létí omi, pátákó lọ́wọ́, kò wọlé. Ọkùnrin kan dúró tì í tí mi ò rí níbẹ̀ rí, imú wọn jọra. Àwọn méjèèjì gbójú sókè, wọ́n ń wo kámẹ́rà.

"Màámi," mo ní, "ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè o."

Màámi ka tẹ̀sùbáà wọn parí ná. Wọ́n sún mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n wo omi yẹn dáadáa.

"Sọ fún bàbá pé wọ́n lè wọ̀ ọ́. Àmọ́ kí wọ́n má pẹ́ o, ọmọ wọn ń wò wọ́n."