Odò Tí Mo Ní Ó Dára

Ọ̀sán gangan ni, nínú ṣáláńgá ọ́fíìsì wa ní Ìjerò, ni mo rí i pé ìgbẹ̀yìn ìtọ̀ mi pọ́n. Èyí tó kán kẹ́yìn nìkan ni, ó sì ta mí bí ata.

Wolé-wolé ni mí nígbà náà, lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Òǹdó, kí Èkìtì tó dá dúró. Lára iṣẹ́ mi ni kí n máa bu omi odò ẹ̀yìn ilé ìwé, níbi tí àwọn ọmọ ti ń lúwẹ̀ẹ́, sínú ìgò, kí n fi ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́ fún àyẹ̀wò. Èsì rẹ̀ máa ń dára, nítorí àárọ̀ kùtù ni mo ń bu ú, kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú rẹ̀. Ìgbín wẹ́wẹ́ a máa lẹ̀ mọ́ ìgò. Mo máa ń fi èékánná ha wọ́n dànù, kí n sì kọ ọ́ pé omi dára.

Oṣù méjì ni mo fi pa ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ojú ń tì mí. Nígbà tí ìrora ìsàlẹ̀ ikùn kò jẹ́ kí n lè gun alùpùpù mọ́, mo lọ sí ilé ìwòsàn ní Adó. Gbogbo wa jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kálukú gbé ìtọ̀ tirẹ̀ dání. Ìtọ̀ ọ̀sán ni wọ́n ń fẹ́, torí ìgbà náà ni ẹyin aràn máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ìgò mi lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ń rí mi lára.

Àtọ̀sí ajá ni. Dókítà ní aràn tín-ín-rín, takọ-tabo, ń gbé nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká, wọ́n ń yé ẹyin tó ní ẹ̀gún, ẹ̀gún náà ló ń ya ara. Bí ẹni tó ní in bá tọ̀ sínú odò, ọmọ aràn á wọ inú ìgbín, á dàgbà níbẹ̀, á tún jáde wá gba awọ ara ẹlòmíràn wọlé. Èmi tí mò ń gbé ẹni tí kò ní ṣáláńgá lọ sí kọ́ọ̀tù, inú odò yẹn ni mo máa ń tọ̀ sí tí mo bá bu omi tán! Ta ló ń wò mí?

"Ta ló tún ń wọ odò náà nílé yín?" Dókítà bi mí.

Fúnmi ni, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì mo fún un ní ife kan. Ohun tó gbé padà wá dà bí omi tí a fi ṣan ẹran.

"Láti ìgbà wo, Fúnmi?"

"Ó ti pẹ́, Bàámi. Mi ò mọ̀ pé odò ni. Ẹ̀yin lẹ wá sọ nílé ìwé pé omi ibẹ̀ dáa."

Ìyá rẹ̀ wo ife, ó wo èmi náà. "Ẹ gbé ife náà jáde nínú ulé yìí, Bàbá Fúnmi."

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n wọn ìwúwo wa kí wọ́n tó fún wa lóògùn. Òòyì kọ́ wa lójú, Fúnmi sì bì. Nígbà tí a padà lọ, ìtọ̀ tèmi ti mọ́, ẹyin ṣì wà nínú tirẹ̀. Dókítà ní tó bá pẹ́ níbẹ̀, ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Wọ́n tún fún un lóògùn. A retí èsì kejì fún ọ̀sẹ̀ kan. Èsì dé: kò sí ẹyin kankan. Mo sunkún níwájú nọ́ọ̀sì.

Mo dúró níwájú gbogbo ọmọ ilé ìwé, mo sọ ohun tí mo ṣe sínú odò náà. Wọ́n ní "háà!", wọ́n tutọ́. Wọ́n jàre. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kò ní gbàgbé. Èmi ṣu, mo tún kó o.

Títí dòní, mi ò lè tọ̀ kí n má wo àwọ̀ rẹ̀, kí n sì dúpẹ́ pé ó mọ́. Lẹ́yìn ìgbà náà, ọ̀sán ni mo ń lọ sódò, pẹ̀lú bàtà rọ́bà, mo sì ń ka ìgbín. Fúnmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà bí mo bá ti gbé àpótí ìgò.

"Bàámi, ṣé ẹ ti tọ̀?"

Màá gbé àpótí kalẹ̀, màá kọ́kọ́ lọ sí ṣáláńgá.