Ìyá Mi àti Olẹ́wà Ọjà Gounghin

Ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo pe gbogbo ilé jọ sí pálọ̀, mo sì kéde pé owó oúnjẹ wa ti ń pọ̀ jù. Iléeṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Koulouba ní Ouagadougou ṣẹ̀ṣẹ̀ dín owó oṣù wa kù ni. Wọ́n ní kí a ní sùúrù, àfi bíi pé sùúrù ṣeé sè. Ọkọ mi ń tún fíríìjì ṣe nítòsí ilé wa ní Gounghin. Nígbà ooru, kì í ráyè jẹun ọ̀sán. Tí ọyẹ́ bá dé, á jókòó ti irinṣẹ́ rẹ̀, á máa kí àwọn tó ń kọjá. Àwọn ìbejì wa, ọkùnrin kan, obìnrin kan, ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, oúnjẹ wọn sì ti ju tèmi lọ.

Mo ti to ètò mi sílẹ̀. Kò sí bọ́tà mọ́. Mílíìkì alágolo di ti òpin ọ̀sẹ̀ nìkan. Gàrí àti èlùbọ́ tí à ń rà lọ́wọ́ àwọn Yorùbá ará wa ní àdúgbò Bilbalogo, tí owó ọkọ̀ láti ilé ti gun orí owó rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ wa, di oúnjẹ àlejò. Ọkọ mi, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Samo láti ìlú Tougan, tí kò sì rí ohun tó dára lára èlùbọ́ láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, ti gbà, ó ti sọ pé "D'accord" kí n tó parí ọ̀rọ̀. Àwọn ìbejì fajú ro nítorí bọ́tà. Ìyá mi tẹ́tí gbọ́ mi títí mo fi dákẹ́, ó wá ní:

"Ìyá Ìbejì, kì í ṣe ohun tí ẹ̀ ń jẹ ló pọ̀. Bí ẹ ṣe ń rà á ni kò dáa. Gbé ọjà lílọ fún mi."

Inú mi dùn ju bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tó lọ, ó sì nídìí. Ọdún tó kọjá ni ìyá mi wá sọ́dọ̀ wa, lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ló ti ń ta ẹ̀wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì mọ bí a ti ń jókòó lásán. Ní Ouagadougou, jíjókòó ló kù tó ń ṣe. Kò gbọ́ Faransé, kò gbọ́ Mooré, èdè àwọn Mossi tó ni ìlú, àfi tí a bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárín àwọn ará ilé ló máa ń sọ̀rọ̀ tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Ìbàdàn ń fóònù ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ pé òun ń bọ̀ wá mú un. Tẹ́lẹ̀, ìyá mi máa ń bá a jiyàn. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Mo ti gbọ́." Mo mọ̀ pé tí kò bá rí ohun tó máa fi ọwọ́ ṣe kí ọdún tó parí, ó ń lọ nìyẹn. Mi ò sì fẹ́ kó lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti di ìyá ẹlòmíì ní ìlú onílùú. Ó dùn mọ́ mi pé ẹnì kan wà nínú ilé tó ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

Bí ọjà ṣe di ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Sátidé àkọ́kọ́, mo tẹ̀ lé e lọ sí ọjà Gounghin láti máa túmọ̀. Ọ̀rọ̀ Faransé méjì ló mọ̀: "combien," tó fi ń bèèrè iye, àti "cadeau," tó fi ń tọrọ ènì. Ó ní èyí tó bá ṣẹ́kù, ojú òun máa sọ ọ́. A dúró lọ́dọ̀ olẹ́wà kan, obìnrin Mossi tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ orí, tó sanra dáadáa, tó jókòó sáàárín àpò ẹ̀wà, àgbàdo àti jéró. Abọ́ tánganran tí wọ́n fi ń wọn nǹkan níbẹ̀, yoruba ni wọ́n ń pè é, nítorí wọ́n ní àwọn oníṣòwò wa ayé àtijọ́ ló gbé irú rẹ̀ dé ìlú yìí. Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyá mi, ó gbé abọ́ náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá wọ́n ti lù ú wọnú.

"Abọ́ tiwa náà ni wọ́n fẹ́ fi rẹ́ wa jẹ," ló wí.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó kọ́kọ́ kẹ́gàn ẹ̀wà náà: ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó mi orí bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn òkú. Olẹ́wà ń wò ó. Ìyá mi dá iye tirẹ̀, mo túmọ̀ rẹ̀. Olẹ́wà ní rárá. Ni ìyá mi bá mú mi lọ́wọ́, a yí padà, a ń lọ. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, a kò ní rìn jìnnà kí wọ́n tó pè wá padà. A rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja. Kò sí ẹni tó pè wá. Ìyá mi rọra bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé olẹ́wà ti ń ta ọjà fún ẹlòmíì. A padà lọ, a ra ẹ̀wà náà ní iye tí wọ́n dá a. Ìyá mi na ọwọ́, ó ní, "Cadeau." Olẹ́wà ṣa hóró ẹ̀wà bíi mélòó kan, ó fi lé e lọ́wọ́.

Báyìí la ṣe ṣe é fún bíi oṣù kan. Owó oúnjẹ kò dín kù rárá, ṣùgbọ́n ìyá mi ò gbà. Alaalẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló máa ń sọ fún mi bí òun ṣe máa mú obìnrin náà lọ́jọ́ kejì. Ojú rẹ̀ ti ń tàn, ara rẹ̀ ti ń yá, mo sì ń sanwó ẹ̀wà láìráhùn.

Ọkọ mi ló ba nǹkan jẹ́, inú rere ló sì fi ṣe é. Sátidé kan tí iṣẹ́ rẹ̀ dá, ó fi ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́ sọ pé, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ. Mo máa fi alùpùpù mi gbé àpò." Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ olẹ́wà, ó kí i ní Mooré. Olẹ́wà dá a lóhùn, ó wá tẹjú mọ́ ọn, ó bi í pé ibo ló ti wá tí Mooré rẹ̀ fi rí báyìí. Ọkọ mi ní Tougan.

Obìnrin tí a ti ń bẹ̀ láti oṣù kan, tí kì í rẹ́rìn-ín, fò dìde. Ó na ìka sí ọkọ mi lójú.

"Samo nìyí o. Ta ló tú ẹrú mi sílẹ̀ tó fi ń rìn káàkiri ọjà? Ajá tó o jẹ láàárọ̀ ò tíì dà, o tún ń wá ẹ̀wà?"

Ọkọ mi náà gbé àyà síwájú. "Ta ló ní kó o máa ta ẹ̀wà ọ̀gá rẹ? Èmi ni mo ni ọ́, èmi ni mo ni àpò rẹ. Kó gbogbo rẹ̀ fún mi kí n tó fi ọ́ pààrọ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ìyẹn tí ẹ̀yin Mossi ò bá tíì jẹ gbogbo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ìlú tán."

Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Rakiré ni wọ́n ń pè é. Àwọn Mossi àti àwọn Samo ti jẹ́ aláwàdà ara wọn láti ayé àwọn baba wọn: tí wọ́n bá pàdé, dandan ni kí wọ́n bú ara wọn, kí kálukú pe èkejì ní ẹrú, ẹni tó bá sì bínú ni ojú máa tì. Mo ti rí i níbi ìgbéyàwó wa, mo ti rí i ní ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Ohun tí mo gbàgbé ni pé ìyá mi ò rí i rí. Gbogbo ohun tó rí ni pé obìnrin kan ń na ìka sí àna rẹ̀ lójú láàárín ọjà.

Kí n tó yíjú, ó ti gbé agbọ̀n kalẹ̀, ó ti tún ìró rẹ̀ ró le, ó ti wà láàárín àwọn méjèèjì.

"Ìwọ ìyá yìí, ta lò ń nàka sí? Ọmọ tó mọṣẹ́, tí kì í mutí, tó ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀ àti lálẹ́, òun lò ń bú lójú ayé? Ṣé torí pé ò ń ta ẹ̀wà? Èmi náà ta ẹ̀wà. Mo ta èyí tó dáa ju tìẹ lọ."

Kò sí ọlọ́jà kankan níbẹ̀ tó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n gbogbo wọn mọ ìjà nígbà tí wọ́n bá rí i. Olẹ́wà bi mí pé kí ni ìyá yìí wí. Mo ní ó ní ọmọ dáadáa ni ọkọ mi. Ó wo ojú ìyá mi, ó wo ojú mi, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ni mo bá túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún un. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò jéró, gbogbo ìsọ̀ àyíká náà bá a rẹ́rìn-ín. Ó wọn ẹ̀wà fún ọkọ mi ní owó pọ́ọ́kú tí a kò rà á rí, ó rọ́ ọ sórí abọ́ títí ó fi ń ya sílẹ̀, ó tún da àlùbọ́sà lé e.

Ọkọ mi ń súfèé délé. Mo ṣàlàyé rakiré fún ìyá mi, ó ní ó yé òun. Nígbà tí a jókòó jẹun, ó wo abọ́ ẹ̀wà, ó ní, "Kí Bàbá Ìbejì máa lọ sọ́jà. Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ." Lẹ́yìn náà ló sọ pé òun ti dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn, pé kó máa bọ̀ wá mú òun. Mo gbé ṣíbí mi kalẹ̀. Ọkọ mi ṣì ń sọ bí ẹ̀wà ṣe pọ̀ tó, mo sì wò ó lọ́nà tó fi dákẹ́.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, òun nìkan ló lọ. Ó padà láìmú nǹkan kan bọ̀. Ó bọ́ fìlà, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi.

"Màmá, ó ní òun ò tà fún mi. Ó ní ẹrú tó jẹ́ pé ìyá ìyàwó rẹ̀ ló ń gbèjà rẹ̀, kí ni òun fẹ́ bá irú ẹrú bẹ́ẹ̀ sọ? Ó ní tí ẹ ò bá wá, ìlọ́po méjì ni mo máa máa rà á."

Ìyá mi ní, "Kí ni mo jẹ́ sí i? Èmi kì í ṣe Samo, èmi kì í ṣe Mossi."

"Mo bi í bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ fi ọmọ yín fún ẹrú òun láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òun. Ó ní ẹ wá rojọ́."

Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá olẹ́wà ló sọ ọ́ lóòótọ́ tàbí ọkọ mi ló bẹ̀ ẹ́ kó sọ ọ́. Ó búra fún mi pé òun kọ́. Mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí pẹ́ tó láti mọ̀ pé ó lè búra. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbọ́ ohùn nínú yàrá ìyá mi. Ó ti pe àwọn ìbejì jókòó, ó ní kí wọ́n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó ń jẹ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní Mooré. Àwọn ọmọ tó jẹ́ pé òpópónà ni wọ́n ti kọ́ Mooré, inú wọn dùn gan-an. Wọ́n kọ́ ọ ní èyí, wọ́n tún kọ́ ọ ní àwọn mìíràn tí mi ò jẹ́ kí wọ́n sọ níwájú mi. Ó ń sọ ọ́ tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń tún un ṣe fún un, ó sì gbà kí wọ́n tún un ṣe.

Láti ìgbà náà, ìyá mi kò nílò ògbufọ̀ mọ́. Tó bá ti yọ ní ìkóríta àwọn ẹlẹ́ja, olẹ́wà á ti máa pariwo láti òkèèrè. Ìyá mi á bú u ní Mooré, tí Mooré rẹ̀ bá tán, á fi Yorùbá parí rẹ̀. Olẹ́wà á wọn ẹ̀wà, ìyá mi á ní kò kún, olẹ́wà á ní àwọn tó ni abọ́ náà ni wọ́n ṣe é kéré. Ìyá mi á dúpẹ́ pé "barka," á jókòó tì í sórí àpò, wọ́n á jọ máa ṣa òkúta kúrò lára ẹ̀wà títí oòrùn á fi mú. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ nígbà náà. Èdè wọn ò tó nǹkan. Olẹ́wà náà ti sin ọkọ, ìyẹn ni mo mọ̀.

Ní ti owó oúnjẹ, ó dín kù lóòótọ́, nítorí bọ́tà àti èlùbọ́ tí mo gé. Ti ẹ̀wà ò dín kù. Ìdí ni pé àárọ̀ Sátidé kọ̀ọ̀kan, ìyá mi a máa se mọ́ínmọ́ín ńlá, á kó o sínú ike, á gbé e lọ fún olẹ́wà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nígbà kan. Ọkọ mi tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì, mo sì pa ẹnu mọ́.

Ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ wọ ọkọ̀ ni ó fóònù láti bèèrè bóyá ẹrù Màmá ti dì. Mo wà ní ilé ìdáná, ọwọ́ mi wà nínú omi, etí mi wà ní pálọ̀. Mo gbọ́ tí ìyá mi ní kó wá kí wa tó bá fẹ́, kó sì gbé èlùbọ́ dání, nítorí ọmọ òun kan ti ń fi ebi pa òun níbí. Ẹ̀gbọ́n mi á ti bi í nípa lílọ sílé.

"Ìgbà wo?" ni ìyá mi wí. "Mo ní ìjà lọ́jọ́ Sátidé."