Edé Tútù Tí Mo Rẹ Kọjá Àkókò

Òórùn omi ọ̀sà ni ó jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Tàntí Àbẹ̀kẹ́, àbúrò bàbá mi tó lọ́kọ sí Kútọnu, ti dé ní ìdájí. Ó gbé edé tútù inú yìnyín wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ibà dá dùbúlẹ̀. Bàbá mi kò fi nǹkan kan ẹnu láti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀kọ, ó kọ̀. Iyán tí kì í fi ṣeré, ó yíjú kúrò níbẹ̀. Edé tútù nìkan ni ó dárúkọ, irú èyí tó máa ń jẹ nígbà tó ṣiṣẹ́ ní Kútọnu kí ó tó gbéyàwó. Ẹ̀rù ń ba ìyá mi, bí kò tilẹ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àwa ará Kétu, edé gbígbẹ tí a ń gún sọ́bẹ̀ ni a mọ̀. Tàntí ṣàlàyé fún ìyá mi pé kí epo ti wà lórí iná kí a tó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí edé tútù, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀ ju ìgbà tí a fi ń gé àlùbọ́sà lọ. Ìyá mi yíjú sí mi: "Bí o bá ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án, bó edé yìí. Ìgbà tí o bá rí mi tí mo ti oko dé ni kí o tó fún ọsàn sí i." Ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà oko wa ní Okpomèta. Tàntí náà jáde lọ kí àwọn ẹbí.

Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo sì gbọ́n lójú ara mi. Ṣebí èmi ni mo máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ rẹ ọ̀yà tí bàbá mi bá pa, láti àárọ̀ di ọ̀sán, kí òórùn ìgbẹ́ lè kúrò lára rẹ̀? "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ohun tí ìyá mi ń wí lójoojúmọ́ nìyẹn. Kí n tó lọ sílé ìwé ni mo ti bó edé, mo fún odindi ọsàn mẹ́jọ sí i, mo gbé e padà sórí yìnyín. Inú mi ń dùn pé wọn yóò yìn mí.

Nígbà tí ìyá mi ṣí abọ́ náà lọ́sàn-án, edé ti funfun, ó ti ká jọ, àfi bí ẹni pé a ti sè é. Ó fi ọ̀kan kan ahọ́n. Mo rí ojú rẹ̀, omi sì bọ́ lójú mi. Kò pariwo. Obìnrin tí kò se edé tútù rí láyé rẹ̀ ṣan án, ó gé e wẹ́wẹ́, ó jẹ́ kí ata, tòmátì àti àlùbọ́sà jinná tán nínú epo kí ó tó da edé sí i. Ó rò ó lẹ́ẹ̀mẹta péré, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Tàntí tó ti padà dé ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. "Yéè, ìyàwó wa! Ta ló rẹ edé yìí pa? Ará oko, ará oko náà ni!"

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó gbé àwo síwájú ọkọ rẹ̀. "Ẹ má bínú. Èmi ni. Bí a ṣe ń ṣe ọ̀yà ni mo ṣe é."

Bàbá mi mú ẹyọ kan, ó rún un títí. Ó tún mú òmíràn. "Ó le díẹ̀," ó ní, "ṣùgbọ́n ẹ fún mi lẹ́kọ tí n ó fi jẹ ẹ́." Ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré lọ gbé ẹ̀kọ. Nínú ilé ìdáná, ó fa etí mi, ó sì tún fà mí mọ́ra. "Ìgbà tí mo bá dá fún ọ ni kí o máa ṣe é. Àmọ́ èmi tí mo rán ọ, èmi ni wọn yóò bi." Kò mẹ́nu bà á mọ́ títí di òní.

Kútọnu ni èmi náà ń gbé báyìí, ọwọ́ mi sì ti mọ edé tútù dáadáa. Lóṣù tó kọjá, mo gba àwọn àna mi lálejò, mo se edé tútù fún wọn, mo sì ní kí ọmọbìnrin mi bá mi fi iyọ̀ sí i. Iyọ̀ pọ̀ jù. Ẹni tó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò béèrè pé ta ló sè é. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo fi nàka sí ọmọ náà, mo sì rí i tó tẹrí ba. Mo ti lé lógójì ọdún, n kò sì tíì lè sọ "èmi ni" bí ìyá mi ti sọ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀.