Kásẹ́ẹ̀tì Tó Bẹ̀rẹ̀ Pẹ̀lú Ìkíni

Òtútù àárọ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Koríko iwájú ilé wa ní Bruma funfun bí ẹni pé wọ́n bu iyọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni ojú ọ̀run mọ́ kedere, kò sí ìkùukùu kan. Báyìí ni ìgbà òtútù Johannesburg ṣe máa ń rí: oòrùn á tàn yanran, kò sì ní mú ẹnikẹ́ni móoru. Mo wọ súwẹ́tà méjì lé ara wọn, mo fi ìborùn wérí, mo wọ takisí lọ sí ọ́fíìsì kan ní Marshalltown.

Tíì ni mò ń sè níbẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ló ní kí n ti ilẹ̀ Yorùbá wá bá òun tọ́jú ọmọ. Nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi, mo ní n kò lè máa jókòó wo ògiri. Ìwé kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n omi gbígbóná kì í béèrè ìwé ẹ̀rí. Nínú ọ́fíìsì náà ni wọ́n ti ń ṣa àwọn tí yóò kọrin lórí pèpéle ńlá kan, níbi àjọ̀dún tí gbogbo ìlú ń retí. Ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí padà nílẹ̀ yẹn nígbà náà. Wọ́n ní dúdú, funfun, ará Íńdíà àti àlejò ni yóò jọ kọrin lójú kan. Ó dùn mọ́ mi nínú, àfi ìgbà tí mo rí bí wọ́n ṣe ń ṣà wọ́n.

Ọ̀gá tó ń ṣà wọ́n lẹ bébà ńlá mọ́ ògiri, ó fa ilà sí i bí fèrèsé. Ihò kan fún orin Zulu, ọ̀kan fún àwọn òyìnbó Bóà onígìtá, ọ̀kan fún Íńdíà, ọ̀kan fún àwọn tó ń fun fèrè jáàsì, ọ̀kan fún "àwọn ará òkè Áfíríkà." Àwa nìyẹn o, àwa àti Gánà àti Kóńgò, gbogbo wa nínú ihò kan. Ó ń ṣa orin bí ẹni tí wọ́n rán ní orísirísi lọ́dọ̀ alápatà, tí kò mọ ṣàkì yàtọ̀ sí fùkù, kó ṣáà ti pé nínú abọ́. Á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé tábìlì, á ki kásẹ́ẹ̀tì bọ rédíò, á máa jẹ páì ẹran. Kí n tó ro ṣúgà inú tíì rẹ̀ tán, ó ti yọ kásẹ́ẹ̀tì náà. Èyí tí kò bá wù ú, inú garawa ìdọ̀tí ló ń lọ, tòun ti ọ̀rá páì lára. Ó máa ń rí mi lára.

Mo mọ èyí, síbẹ̀ mo fún un ní kásẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, obìnrin mẹ́sàn-án aláṣọ funfun. Ìyá Akọrin tó ń darí wọn ń rán aṣọ ilé-ìwé ní Roodepoort. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ti kọ ìjọ sílẹ̀, torí ojú ń tì í bí ìyá rẹ̀ ṣe ń rìn nígboro pẹ̀lú sùtánà láìwọ bàtà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà sọ pé bí wọ́n bá kọrin lórí pèpéle yẹn, iwájú pátápátá lòun máa dúró sí. Ohun tí Ìyá Akọrin ń lé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi ni mo bà á jẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ohùn wọn sílẹ̀, orin gan-an ni wọ́n fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ṣé ẹ ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni? Ẹ fẹ́ wọlé onílé láìkí i?" Ni wọ́n bá fi ìjúbà ṣáájú. Wọ́n júbà Ọlọ́run, wọ́n kí onílẹ̀, wọ́n kí àgbà ìlú, wọ́n kí ẹni tó ni pèpéle. Ó pẹ́ tó kí omi ìkòkò kan hó.

Láàárọ̀ olótùútù yẹn, mo fẹ́ lọ da ìdọ̀tí nù, mo bá rí kásẹ́ẹ̀tì wa nínú garawa, láàárín ewé tíì tó rin gbingbin àti àmukù sìgá. Orúkọ tí Ìyá Akọrin fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí i ti ń ṣàn. Mo nù ún, mo gbé e síwájú ọ̀gá.

"Kí ló ṣe èyí, ọ̀gá?"

"Màmá, mo dúró títí, orin ò dé! Ọ̀rọ̀ ni wọ́n kàn ń sọ."

"Wọ́n ń kí èèyàn ni."

"Ta ni wọ́n ń kí?"

"Ìwọ ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí páì fi ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó wá wo ògiri. "Ó dáa. Ihò yín ṣì ṣófo. Kí wọ́n wá, ìṣẹ́jú mẹ́ta, nígbà tí èrò ṣì ń wọlé. Kí wọ́n má kí ẹnikẹ́ni o. Aṣọ funfun yẹn náà, rárá, ó jọ ti nọ́ọ̀sì. Kí wọ́n wọ awọ ẹran, kí wọ́n kun ojú. Áfíríkà làwọn èèyàn fẹ́ rí."

"Áfíríkà wo?"

"Eish, Màmá! Èyí tó wà nínú àwòrán."

Kí n tó fèsì, ó ti kọ orúkọ wa sí bébà kékeré, ó fi pín-ín-nì kàn án mọ́ ihò náà.

Nírọ̀lẹ́, mo lọ bá Ìyá Akọrin nídìí máṣínì rẹ̀. Mo rò ó fún un láìfi nǹkan kan pa mọ́, títí dórí ẹ̀bi tèmi.

"Awọ ẹran kẹ̀, Màmá? Pọ̀nmọ́ la fi ń ṣe nílé wa! Kó ṣọ́ra kí n má fi òun náà se ọbẹ̀."

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lọ sí ìlẹ̀kùn yàrá ọmọ rẹ̀. "Ìṣẹ́jú mẹ́ta náà, pèpéle ṣáà ni," ó rọra sọ ọ́. "Á wá wò mí." Mo mọ̀ pé yóò wọ awọ náà. Ìyẹn ló kó mi nírìíra ju garawa lọ.

Ọmọ náà ti gbọ́. Ó jáde, ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá wa lóhùn bí ìṣe rẹ̀, pé bí ìyá òun bá wọ awọ ẹran, òun ò ní yọjú síbẹ̀. Ó wá fi Yorùbá tó ń kọsẹ̀ kún un: "Aṣọ funfun yín ni kẹ́ ẹ wọ̀, Mọ́mì. Bí wọn ò bá gbà, ẹ má lọ." Ó gba kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yínmú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àjákù aṣọ nù ún. Ìyá rẹ̀ ní, "Ó dáa, a ò lọ mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, mo dé ọ́fíìsì ṣáájú gbogbo wọn. Mo gun àga, mo yọ orúkọ wa kúrò lára ògiri. Nígbà tí ọ̀gá dé, mo gbé tíì fún un, mo ní a ò wá mọ́.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí le o! Kí ni màá wá fi dí ihò yìí báyìí?"

Mo gbé garawa lọ sẹ́yìn, mo ṣa kásẹ́ẹ̀tì àwọn ẹlòmíràn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, mo nù wọ́n, mo tò wọ́n sínú páálí búrẹ́dì, kí ẹni tó bá wá béèrè tirẹ̀ lè rí i gbà. Nígbà tí mo délé, mo fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta. Òórùn sìgá àti ọ̀rá kò kúrò níbẹ̀.