Fíìmù Bàbá Kérésì Onígi

Òórùn ọ̀dà tuntun àti ti ṣinṣín tí wọ́n ń dín lẹ́yìnkùlé ló gba ṣọ́ọ̀ṣì wa kan ní Lotto, ní Mowe, lọ́jọ́ tí a ṣe Kérésì àwọn ọmọdé. Èmi ni igbákejì màmá tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ọmọdé. Ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, gbogbo ọmọ wọn ti wà lókè òkun. Bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀, ó parí nìyẹn.

Wọ́n mú fíìmù àtijọ́ kan wá, èyí tí ọmọ wọn àgbà bá wọn gbé sórí fláàṣì. Mo ní kí n kọ́kọ́ wò ó.

"Kí lo fẹ́ wò níbẹ̀? Fíìmù ọmọdé ni."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà ì bá sá. Ọmọlangidi onígi ni wọ́n fi ṣe gbogbo èèyàn inú rẹ̀. Bàbá Kérésì ibẹ̀ kì í ṣẹ́jú. Ẹnu rẹ̀ á là, á pa dé, kí ohùn tó wá dé lẹ́yìn, bí ẹni pé ẹlòmíì ló ń sọ̀rọ̀ láti inú ikùn rẹ̀. Eyín rẹ̀ jọ eyín èèyàn. Nígbà tó yọ́ wọ yàrá ọmọ kan tó ń sùn, tó tẹ̀ bá a, tó ń rẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin kékeré kan fà mí láṣọ.

"Àǹtí, ṣé òkú ni?"

Mo bẹ màmá pé kí a pa á. "Ó máa dùn tó bá yá," ni wọ́n wí, wọ́n di rẹ́múùtù mú gírígírí. Àfi bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ pè é, Bàbá Kérésì tiwa, wẹ́dà kan nínú ìjọ, ṣílẹ̀kùn, ó ń mi agogo. Ariwo sọ! Àga ń wó, àwọn ọmọ ya bo ìta, wọ́n doríkọ géètì, bẹ́ẹ̀ tírélà ń sáré lójú márosẹ̀ níwájú ibẹ̀. Mo sáré gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, bàtà mi kan bọ́, mo na apá méjèèjì dí géètì, wọ́n ń rọ́ lù mí. Wẹ́dà fa irùngbọ̀n òwú já.

"Èmi ni o! Bàbá Ìbejì ni!"

Àwọn ìbejì rẹ̀ gan-an ló ń ké jù.

Kò sẹ́ni tó fara pa. Nígbà tí àwọn òbí kó wọn lọ tán, ara mi ò gbà á mọ́. "Mà, mo ṣáà sọ fún yín!"

"Àwọn ọmọ tèmi fẹ́ràn rẹ̀! Ọdọọdún la jọ ń wò ó lórí ẹní." Kí ọ̀rọ̀ lè tán, wọ́n pe ọmọ wọn àgbà lórí fóònù, wọ́n jẹ́ kí èmi náà máa gbọ́.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí. "Mọ́mì, ẹ̀rù ń bà wá gan-an. Ẹ̀yin nìkan lẹ gbádùn rẹ̀. Lẹ́yìn tí Dádì kú, ìgbà yẹn nìkan la máa ń rí i kí ẹ rẹ́rìn-ín, la ṣe ń jókòó."

Màmá ò fèsì. Wọ́n rọra gbé fóònù lé itan. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sẹ́nu tú ká.

Mi ò ní purọ́, inú ṣì ń bí mi tí mo bá rántí géètì yẹn. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbé ohun tí mo fẹ́ràn síwájú àwọn ọmọ mi, tí wọ́n ní ó dùn, mi ò kì í tẹ́tí sí ẹnu wọn mọ́. Ojú wọn ni mo máa ń wò.