Sípíríngì Ìṣó Kejì

Ojú ni Tìrìmísíyù gbẹ́kẹ̀ lé, ojú náà ló sì dà á.

Ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré ìje ló ń tún ṣe ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó láyé ọdún 1974: kékeré ti àwọn ilé-ìwé, ńlá ti pápá ìṣeré Sùúrùlérè. Ìṣó méjì ló kàn mọ́ ògiri. Sípíríngì ìbọn ńlá wà lórí ọ̀kan, ti kékeré wà lórí èkejì. Ẹni tí kò mọ̀ á pè wọ́n ní ìbejì. Ti ńlá kàn fi díẹ̀ nípọn jù ni, ó sì yẹ kéèyàn gbé e lé ara ìbọn wò kó tó fi í sínú rẹ̀.

Sìmíátù ọmọ rẹ̀ yára bí àṣá. Kò ṣeé ṣe kéèyàn máa yìnbọn láàárín ayálégbé, nítorí náà òfìfo ìbọn ni bàbá rẹ̀ fi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbéra eré ìje ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí òòlù ìbọn bá ti dún "ká" báyìí, ọmọ ti fò dé ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Ambrose, tó máa ń yìnbọn fún àwọn sárésáré, gbé ìbọn ńlá wá. Sípíríngì rẹ̀ ti kán. Tìrìmísíyù nawọ́ sí ìṣó, ẹnu rẹ̀ kò sinmi: "Ẹ máa wo ọmọ mi ní Sátidé! Èkó ló máa sáré fún!" Ìṣó kejì lọ́wọ́ rẹ̀ bà, kò sì gbé sípíríngì náà lé ara ìbọn wò. Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò.

Ambrose fa ìbọn náà wò. "Ó mà ti rọ̀ wẹ́rẹ́, Bàbá!" Inú Tìrìmísíyù dùn. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà á.

Ní Sátidé, òòlù dún "ká", ṣùgbọ́n sípíríngì kékeré kò lágbára tó láti mú ọta dún. Sìmíátù nìkan ló fò jáde. Wọ́n dá a padà. "Ká" lẹ́ẹ̀kejì, ó tún fò. Wọ́n lé e kúrò lórí ìlà, wọ́n wá wá ìbọn mìíràn fún àwọn yòókù.

"Ìbọn ló bàjẹ́!" ni Tìrìmísíyù ń pariwo.

"Àwọn yòókù dúró, Bàbá," ni Ambrose wí. "Ta ló kọ́ tiyín pé kó máa sáré kí ìbọn tó dún?"

Sìmíátù kò bi í léèrè ọ̀rọ̀ náà rí. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ Tìrìmísíyù lọ́kàn jù. Ì bá sàn kó bú òun.

Sìmíátù lọ́kọ sí Mushin. Lọ́dún kẹta ó gbé oyún wá kí bàbá rẹ̀, ó jókòó lórí àpótí. Tìrìmísíyù gbàgbé, ó fa ìbọn tó ń tún ṣe: "ká". Ẹsẹ̀ ọ̀tún Sìmíátù ta nílẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ó ṣì wà níbẹ̀ o."